Wúrà Inú Ibojì

Bí a bá dárúkọ Edinburgh, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wúrà ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ta ni wúrà kò wù? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí ó bá ọkọ̀ náà lọ ni ó ń ká mi lára.

Oṣù keje ọdún 1939 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wà lára àwọn tí ó dọdẹ Bismarck, ọkọ̀ ogun ńlá ti Jámánì, ní 1941. Ní ọdún yẹn kan náà, ó sin àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí erékùṣù Malta. Iṣẹ́ òkun yìnyín àríwá ni ó pa á, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ohun ìjà lọ fún Rọ́ṣíà tí Hitler gbógun tì.

Ní 28 oṣù kẹrin ọdún 1942, ó ṣíkọ̀ ní Murmansk, ó ń sin ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́tàlá bọ̀ wálé. Ọ̀pá wúrà 465, nínú àpótí 93, wà ní ikùn rẹ̀. Rọ́ṣíà fi ń san owó ohun ìjà ni. Ní 30 oṣù náà, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì yin tọ̀pídò méjì lù ú, ìdí rẹ̀ sì fọ́ yángá. Wọ́n ń fà á padà sí Murmansk bí ẹni ń fa aláìsàn, nígbà tí ọkọ̀ apanirun mẹ́ta ti Jámánì dé bá a ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún. Ẹ wo ọkọ̀ tí kò lè darí ara rẹ̀ mọ́, tí ó ń yí po lójú kan: síbẹ̀ ìbọn rẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú wọn, Hermann Schoemann, léṣe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Jámánì fúnra wọn fi rì í. Tọ̀pídò mìíràn tún wá ba Edinburgh. Wọ́n kó àwọn atukọ̀ kúrò, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Foresight, sì yin èyí tí ó rì í pátápátá. Àwọn tí ó kú lé ní 50.

Àbúrò bàbá mi kan bá ogun Bọ́mà lọ. Kò padà, a kò sì mọ ibi tí ó sùn sí. Nítorí náà, nígbà tí mo kà nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1981, mo bi ara mi pé: bí wúrà bá wà lábẹ́ rẹ̀, ṣé a ó gbà kí wọ́n gbẹ́ ẹ?

Ibojì ogun ni ọkọ̀ náà. Keith Jessop gba iṣẹ́ yìí nítorí pé ó ṣèlérí pé òmùwẹ̀ ni yóò gé e, òun kò ní fi àdó fọ́ ọ. Ní mítà 245 nísàlẹ̀ òkun, wọ́n kó ọ̀pá 431. Ìpín 45 nínú 100 ni ti àwọn tí ó kó o. Nínú èyí tí ó kù, Rọ́ṣíà gba ìdá méjì nínú mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì gba ìdá kan. Gígé sàn ju fífọ́ lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀ sí i. Àwọn òkú kò ní ìpín kankan nínú àdéhùn náà.

Ní 1986, wọ́n padà lọ kó 29. Márùn-ún ni wọn kò rí kó.