Ilé Tí A Fi Òógùn Kọ́, Ta Ni Yóò Jogún Rẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ nígbà tí ara bá le. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ikú sì ni. Púpọ̀ nínú wa ní Ìkéré, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré àti káàkiri Òde-Èkìtì ló gbà pé bí Mùsùlùmí bá ti kú, Àlùkùránì ni yóò pín ogún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, kì í dédé rí bẹ́ẹ̀. Bí olóògbé kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀, àṣà ìbílẹ̀ ni ẹbí yóò dì mú, òun náà sì ni kóòtù sábà máa ń tẹ̀ lé.

Mo ti bá àwọn àgbà mọ́sáláásí jókòó níbi tí a ti ń parí irú ìjà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti opó kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́lé. Owó èlùbọ́ tó ń tà ló fi ra sìmẹ́ńtì àti páànù. Nígbà tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán, àwọn ẹbí ọkọ ní kó kó kọ́kọ́rọ́ wá, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì parí oṣù 4 àti ọjọ́ 10 tí Ọlọ́hun ní kí opó fi jókòó. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ṣé n kò ní ìpín kankan nínú ilé yìí ni?" Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn fèsì pé, "Ìyàwó wa, a kò lé ọ jáde. Ṣùgbọ́n aya kì í jogún ọkọ." Sùúrù lẹ́mọ́mù ló jẹ́ kí wọ́n gbà níkẹyìn pé kó máa lo yàrá méjì. Ojú àánú ni wọ́n fi fún un, wọn kò kà á sí ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò purọ́ mọ́ àṣà. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà sọ ọ́ gbangba pé nínú àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ohun ìní ọkọ rẹ̀. Ní 1962, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole láti Èkó dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ wa ń parí sí láyé ìgbà náà. Bàbá tí wọ́n ń tìtorí ogún rẹ̀ jà ti kú ní 1940, ó sì fi ọmọ 9 sílẹ̀ láti inú obìnrin 4. Ìdí-igi ni àwọn adájọ́ fara mọ́, pé kí a pín ogún náà sí ọ̀nà 4 gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ, ìbáà jẹ́ ọmọ kan ni obìnrin bí tàbí ọmọ púpọ̀. Orí-òjorí, tí a fi ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ, di ohun tí olórí ẹbí lè yàn bí àríyànjiyàn bá wà. Ẹ ṣàkíyèsí pé orí obìnrin ni a fi ń ka ìpín, síbẹ̀ obìnrin fúnra rẹ̀ kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Kí a sì sọ òtítọ́, àṣà Yorùbá kì í yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀. Opó ló ń yọ sílẹ̀.

Islam kò yọ ọ́ sílẹ̀. Sùrá Nisáì, áyà 7, 11 àti 12, ti la ọ̀rọ̀ náà. A ó kọ́kọ́ san owó ìsìnkú àti gbèsè, a ó sì mú àsọọ́lẹ̀ òkú ṣẹ, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 3 lọ. Lẹ́yìn náà, bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, opó ní ìdá 1 nínú 8; bí kò bá sí ọmọ, ìdá 1 nínú 4. Bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, wọn yóò jọ pín ìdá náà láàárín ara wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin kan tí òbí rẹ̀ kò sí láyé mọ́ fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀, ilé rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 16 náírà. Ìyàwó yóò gba mílíọ̀nù 2, ọmọkùnrin mílíọ̀nù 7, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan mílíọ̀nù 3 àti ààbọ̀.

Kí ló dé tí kóòtù kì í fi pín in bẹ́ẹ̀ fún wa? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fàyè gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láti dá kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú ìpínlẹ̀ 6 tó wà ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn tó dá a sílẹ̀, Èkìtì náà kò sì ní i. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kò tì pátápátá. Ní 1900, nínú ẹjọ́ Asiata àti Goncallo, kóòtù Èkó fi òfin Islam pín ogún ọkùnrin Yorùbá kan tí wọ́n mú lẹ́rú lọ sí Brazil tó sì padà wálé, nítorí pé Mùsùlùmí ni òun àti àwọn ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rí ni kóòtù ń wò, kò sì sí ẹ̀rí tó dà bí ohun tí olóògbé fọwọ́ ara rẹ̀ sí.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo rọ̀ yín sí.

Èkíní, kí ilé náà jẹ́ tiyín ní tòótọ́, nítorí a kì í pín ohun tí kì í ṣe ti òkú. Ilé tí a bá kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí tí ẹbí kò pín fúnni, ti ẹbí ni ilẹ̀ náà síbẹ̀. Bí ẹ bá ń ra ilẹ̀ ẹbí, ẹ rí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí pọ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni a ti mọ̀ pé bí ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbà yòókù, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Ẹ má fi rìsíìtì nìkan sùn. Ẹ gba ìwé sọ́fè, kí lọ́yà kọ ìwé àdéhùn, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Adó. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ilé tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ìyàwó bá sì dá owó sí i, kí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé, kó sì tọ́jú rìsíìtì tirẹ̀.

Èkejì, ẹ kọ ìwé ìhágún. Kó wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Kí ẹlẹ́rìí má jẹ́ ẹni tí yóò jogún, kó má sì jẹ́ ọkọ tàbí aya ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n pín ohun ìní yín bí Àlùkùránì ṣe pín in, kí ẹ dárúkọ àwọn tí yóò mú un ṣẹ, kí ẹ sì fi í pamọ́ sí Kóòtù Gíga ní Adó. Kí lọ́yà àti àfáà jọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àsọọ́lẹ̀ kò tọ́ sí ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún, àfi bí àwọn ajogún yòókù bá yọ̀ǹda.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti bi àwọn òbí yín léèrè. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ wí pé, "Bàbá mi, ẹ dákun, ọ̀dọ̀ ta ni ìwé ilé wà?" Ẹni tó béèrè kò fẹ́ ikú bàbá rẹ̀. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé Mùsùlùmí tó ní ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀ kò yẹ kó sun òru méjì láìkọ ọ́. Àwọn àgbà wa náà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ilé wa tù wá lára nígbà ayé wa, kó má sì jẹ́ kó di ìjà fún àwọn ọmọ wa lẹ́yìn wa. Àmín.