Ohùn Ajá Nínú Àgọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ràn ajá, ẹ fi etí sí wa, nítorí ìtìjú ni ó kọ́ wa ní ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

Ní àkókò ọyẹ́ kan, nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, àwa àti ọmọkùnrin mẹ́fà lọ pàgọ́ sí ẹsẹ̀ òkè Adó-Àwáyè, kí a lè gun àpáta náà lọ wo adágún Ìyàkẹ́ tí ó wà ní orí rẹ̀. A mú ajá wa méjì dání, Tańmọ̀la tí í ṣe àgbà, àti Bámidúró tí kò tíì pé ọdún méjì. Ẹ̀bá ọ̀nà oko ni a pàgọ́ sí, a kò sì so ajá kankan. Nígbà tí ọmọ kan béèrè pé bí àlejò bá dé ńkọ́, a rẹ́rìn-ín, a ní, “Ajá wa kì í bu ènìyàn jẹ.”

Bí ilẹ̀ ti ṣú, ìyá arúgbó kan ti oko bọ̀, ó ru ìdì igi, ó sì yà láti tọrọ omi mu. Bámidúró kò rí irú ẹ̀dá gíga bẹ́ẹ̀ rí nínú òkùnkùn. Ó dúró gbọnin, irun ọrùn rẹ̀ dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ojú tì wá níwájú àlejò. A mú pàṣán, a nà án, a ní kí ó pa ẹnu mọ́. Ó pa ẹnu mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà ti tẹ̀ba láti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ajá náà fò mọ́ ọn láìdún rárá, ó sì bù ú jẹ ní ẹsẹ̀. A tún gbé pàṣán sókè, ṣùgbọ́n ìyá náà wí pé, “Tíṣà, ẹ má nà án mọ́. Ó ti sọ fún yín, ẹ̀yin ni ẹ kò gbọ́.”

A fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òru náà. Bí àmì àrùn dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yè. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a bá tètè gbà a máa dènà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ fi gba ọmọdékùnrin kan là ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1885. Ajá wa ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ní ọdún náà. Síbẹ̀ dókítà ní kí a ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Lójoojúmọ́ ni a ń jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, tí a ń wò ó bóyá ó jẹun, bóyá ó mu omi. Ní ọjọ́ kẹwàá ara rẹ̀ le, ọgbẹ́ ìyá náà sì ń jinná.

Láti ìgbà náà, ibi tí ó jìnnà sí ojú ọ̀nà ni a ń pàgọ́ sí. A ń so ajá mọ́ ìdí igi ní ẹ̀yìn wa, kí ó má wà láàárín àlejò àti iná. Bí àlejò bá yọ, àwa ni a ń dìde lọ pàdé rẹ̀. A ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má sáré, kí ó má tẹjú mọ́ ajá, kí ó má sì na ọwọ́ sí i ní orí. A sì ń fún ajá ní ẹran díẹ̀ nígbàkigbà tí àjèjì bá dé tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé ire ni àlejò ń mú bọ̀. Bí ó bá sì kùn, a kì í nà án. A ń fà á sẹ́yìn jẹ́jẹ́, nítorí kíkùn rẹ̀ ni ìkìlọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi pàṣán gba ìkìlọ̀ lẹ́nu ajá, eyín nìkan ni ó fi sílẹ̀ fún un.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ẹsẹ̀ òkè Adó-Àwáyè, ajá ni ó fọn fèrè, àwa ni a kò gbọ́.