Ọ̀fadà tí a ní kò ní ṣúgà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó kọ "Àmín" sísàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ wa pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè jẹ ìrẹsì ọ̀fadà títí yóò fi yó, pé kò ní ṣúgà rárá. Bí a ṣe kà á, àyà wa já. Torí pé àwa gan-an la kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìjọ yìí, orí pẹpẹ la sì ti sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní Ajángbádì tipẹ́ á rántí August 2019, nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa. Ìrẹsì tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé di góòlù. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìrẹsì ilẹ̀ wa ní ọjà Ìyànà-Ìbá, ẹni tí agbára rẹ̀ ká a sì ń ra ọ̀fadà. Nígbà tí ìkórè dé, ọ̀fadà inú ewé ni wọ́n sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ayamáṣe. Inú wa dùn, a gbé máìkì, a ní, "Ẹ̀yin tí dókítà ní kẹ́ ẹ má jẹ ìrẹsì, ẹ jẹ èyí dáadáa, kò ní ṣúgà!" Gbogbo ìjọ pariwo "Halelúyà". Ta ló sọ ọ́ fún wa? A kàn gbọ́ ọ nínú mọ́tò ni jàre.

Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní apá Ilémba gbà wá gbọ́. Àtọ̀gbẹ rẹ̀ ti tó ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ọ̀fadà ló ń jẹ láàárọ̀, òun náà ló ń jẹ lálẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó oògùn ra ọ̀fadà. Ó ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàtà wá bó o lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, egbò náà kọ̀, kò jinná. Lọ́jọ́ tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, mítà ka 462. Wọ́n gé ọmọ ìka kan. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "Dádì, ọ̀fadà náà ni mò ń jẹ o, bẹ́ ẹ ṣe wí." Kò bínú sí wa. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ ló jókòó tì wá, tó là wá lóye. Gbogbo ìrẹsì ló ní sítáàṣì, sítáàṣì ló sì ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ife kan ìrẹsì tó ti jinná, ì báà funfun, ì báà pupa, ohun tó ń di ṣúgà nínú rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 45. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yára wọ ẹ̀jẹ̀ sí. Ní 1981, David Jenkins àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún un. Gulukóòsì ni wọ́n fi ṣe 100. Ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, bí èyí tí wọ́n fi ń ro túwó, ló ń sáré jù. Ìrẹsì gígùn tí hóró rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ra, àti basmati, máa ń rọra díẹ̀. Èyí tí wọ́n bọ̀ tèèpotèèpo kí wọ́n tó gbo èèpo rẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù lọ́jà wa, náà sábà máa ń rọra ju èyí tí wọn kò bọ̀ lọ. Ọ̀fadà, tó gba orúkọ lọ́wọ́ ìlú Ọ̀fadà ní Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ìpínlẹ̀ Ògùn, wọn kì í ha gbogbo awọ pupa ara rẹ̀ kúrò, fáíbà díẹ̀ ṣẹ́kù sí i. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ni.

Ẹ tún máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ti da omi ìrẹsì nù, ṣúgà ti bá omi lọ. Díẹ̀ ló bá omi lọ o, èyí tó pọ̀ wà nínú àwo yín. Wọ́n ní ìrẹsì tó sùn nínú fíríìjì máa ń dára díẹ̀, torí sítáàṣì rẹ̀ ti le, ikùn kì í lọ̀ ọ́ tán. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní Ajángbádì wa yìí, ta ni iná rẹ̀ máa dúró di àárọ̀? Ìrẹsì tó bá sùn síta, inú rírun ló ń fà.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ màmá yẹn, àwa àti Mummy lọ yẹ ara wa wò. Tiwa dára. Ti Mummy jẹ́ 139 láìjẹun. Wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn, 134. Tó bá ti tó 126 láìjẹun lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni. A ń gbàdúrà, Mummy sì ń lo oògùn rẹ̀. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, ṣebí oníṣègùn ni.

A ra mítà, a wá ń dán ìrẹsì wò. Ìrẹsì òyìnbó, àwo kún: lẹ́yìn wákàtí méjì, 231. Ọ̀fadà, àwo yẹn náà kún: 214. Ṣé ẹ rí i? Ìgbà tí Mummy wá bu ife tíì kan péré nínú ọ̀fadà, tó fi ẹ̀wà díẹ̀ sí i, tí ẹ̀fọ́ ṣọkọ kún àwo yòókù, pẹ̀lú ẹja, ó ka 158. Ara Mummy nìyẹn o, tiyín lè yàtọ̀, mítà yín ni kẹ́ ẹ bi. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, ẹ má déédéé gé oúnjẹ kù láì sọ fún dókítà, ṣúgà tó bá wálẹ̀ jù náà ń dá ènìyàn wólẹ̀. Ẹ má sì fi oògùn sílẹ̀ nítorí oúnjẹ kankan, kódà tó bá jẹ́ àwa la sọ bẹ́ẹ̀.

Níbi ìkórè tó kọjá, màmá wa gbé ife tiẹ̀ wá láti ilé, ó ní kí wọ́n fi wọn ọ̀fadà fún òun, ẹyọ kan. Ó wá wo àwo tiwa tí wọ́n gbé síwájú wa, ó ní, "Dádì, ta ló wọn tiyín?" A dá ìdajì rẹ̀ padà sínú ìkòkò.