Ìwé Àyẹ̀wò Kì í Ṣe Ẹlẹ́rìí Sìná



Ọ̀rọ̀ tòní wúwo lẹ́nu obìnrin, ó tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu olùkọ́ ilé kéwú. Ṣùgbọ́n ìyá méjì nínú àwọn tó ń mú ọmọ wá sí ilé kéwú wa ní Ajah ti gba irú èsì tí èmi náà gbà, wọ́n sì fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ohun tí ọkọ yóò rò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda baálé mi.

Àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ ni mo lọ ṣe. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ọjọ́ orí ọgbọ̀n sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní àwọn rí kòkòrò HPV, àti pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ ti yí padà díẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kí n lọ ṣe àyẹ̀wò kejì tí wọ́n ń pè ní colposcopy.

Ìbálòpọ̀ ló ń gbé HPV kiri. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbátan wa kan tó gbọ́ kò béèrè bí ara mi ṣe rí. Ohun tó bi mí ni pé, "Níbo lo ti rí i?"

Ẹ fetí sílẹ̀ níbí, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin. Kòkòrò yìí wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ jùlọ ẹni tó ti ní ìbálòpọ̀ rí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló máa ń kó o nígbà kan láyé wọn, láìmọ̀. Láàárín ọdún méjì, ara fúnra rẹ̀ a máa lé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ dànù. Òmíràn lè sùn sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọjú nínú àyẹ̀wò. Opó tó tún lọ́kọ lè gbé e wọlé, ọkùnrin tó ti fẹ́yàwó rí lè gbé e wọlé, kí ìgbéyàwó méjèèjì sì jẹ́ ti ẹ̀tọ́. Kò sí dókítà tó lè wo ìwé náà kó sọ ẹni tó kó o ran èèyàn, tàbí ọdún tó kó o.

Nígbà tí wọ́n parọ́ mọ́ ìyá wa Nánà Àíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), Ọlọ́hun sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ nínú Súúrà Núùr. Nínú súúrà yẹn kan náà, ẹni tó bá fẹ̀sùn sìná kan obìnrin tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá. Bí kò bá rí wọn mú wá, 80 ẹgba ni tirẹ̀, a kò sì ní gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Ìwé láàbù wá jẹ́ èwo nínú àwọn mẹ́rin náà?

Baálé mi ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ìyá Sùmáyà, èmi náà ti fẹ́yàwó rí kí n tó fẹ́ ọ. Jẹ́ ká wá owó."

Owó náà kò kéré. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà, ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ará Ajah. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Lekki la lọ, owó àjọ tí mo kó ni mo fi kún ti baálé mi. Kí n tó san kọ́bọ̀, mo pè wọ́n, mo ní obìnrin ni mo fẹ́ kó yẹ̀ mí wò. Wọn kò bínú, wọ́n sọ ọjọ́ tí dókítà obìnrin máa ń wá. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíù lágbàáyé ti to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ ní Brunei lọ́dún 1993: dókítà obìnrin Mùsùlùmí ló ṣáájú, bí kò bá sí, obìnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí tó ṣe é fọkàn tán, lẹ́yìn náà ọkùnrin Mùsùlùmí, kó tó kan ọkùnrin mìíràn. Kí ó má wò kọjá ibi tó pọn dandan, kí ọkọ tàbí ẹlòmíràn tó ṣe é fọkàn tán sì wà níbẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí "kí obìnrin jókòó sílé" nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà. Àbúrò mi obìnrin ló bá mi wọlé.

Ẹ ó dùbúlẹ̀, ẹ ó ká ẹsẹ̀, wọ́n á fi aṣọ bò yín. Irin tó ń la ojú ara, irú èyí tí wọ́n lò nígbà àyẹ̀wò àkọ́kọ́, nìkan ló ń wọlé. Ẹ̀rọ náà gan-an, tí dókítà ará Jámánì kan, Hans Hinselmann, ṣe ní 1925, ìta ló ń dúró sí. Ó dà bí awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n tan iná sí. Wọ́n á fi omi kíkan, irú èyí tó wà nínú fínígà, pa ẹnu ilé-ọmọ. Ibi tó bá fẹ́ àmójútó á funfun. Wọ́n tún fi áyódìn pa tèmi. Lẹ́yìn náà dókítà já ẹran bíńtín méjì láti gbé lọ sí láàbù. Ó dùn mí bí inú rírun nǹkan oṣù, kò sì pẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù, ẹ má fi ìrun sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ya ẹ̀jẹ̀ iṣan sọ́tọ̀ fún Fátímà ọmọ Abí Hubáyṣì nígbà tó bi í léèrè. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lo páàdì, ẹ ṣe àlùwàlá nígbà tí àsìkò bá wọlé, kí ẹ kírun. Ti ọkọ ni kó ní sùúrù títí ọjọ́ tí dókítà bá dá.

Ọjọ́ tí mo fi retí èsì, mi ò lè sọ pé mo sùn dáadáa. Nígbà tó dé, àyípadà náà kò le, irú rẹ̀ sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Nínú obìnrin tí ara rẹ̀ le, ó máa ń tó ọdún 15 sí 20 kí irú nǹkan báyìí tó di jẹjẹrẹ. Ìwé tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń jẹ nínú ọdún wọ̀nyẹn ni.

Láti oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́, Èkó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní à ń fi ṣílẹ̀kùn sìná fún ọmọ ni. Ọmọ tó ṣọ́ ara rẹ̀ kò ha ní lọ sílé ọkọ bí? Sùmáyà pé ọdún 9 láìpẹ́ yìí. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí wa. Wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kan, ó sunkún díẹ̀, ó ní kí n ra bísíkíìtì.