Kí Ni Òtili Fi Orúnkún Màmá Ṣe?

Fọ́nrán kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp, ó ní ẹ̀wà ló ń fa ara wíwú àti làkúrègbé. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní lectin, tó wà nínú ẹ̀wà, òtili àti ọ̀pọ̀ irúgbìn mìíràn, ni wọ́n di ẹ̀bi náà rù. Fọ́nrán yìí dé Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ó dé orí fóònù ìyá mi, wọ́n sì pa òtili tì. Ẹran kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí rà lójoojúmọ́, nítorí náà iyán àti ẹ̀bà ló kù. Orúnkún kò yé dùn wọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ló wá ń jìn sínú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Láti 1888 ni Hermann Stillmark ti rí irú èròjà yìí nínú èso lárà, májèlé gidi sì ni. Síbẹ̀, lárà yìí kan náà ni àwọn ìyá wa ń sè jinná kí wọ́n tó fi ṣe ògìrì. Ẹ̀wà pupa ńláńlá ti àwọn Òyìnbó náà ń kọ́? Hóró 4 tàbí 5 rẹ̀ ní tútù tó láti fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Omi híhó ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, ní kí a rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 5, kí a da omi náà nù, kí a sì fi omi mìíràn sè é kó hó fún 30 ìṣẹ́jú.

Òtili wo ló ń rọ̀ láàárín 30 ìṣẹ́jú ní Èkìtì? Irú ńkọ́, tó ń sun orí iná mọ́jú kí wọ́n tó bó o, kí wọ́n tún un sè, kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀?

Steven Gundry, dókítà ará Amẹ́ríkà tó fi ìwé rẹ̀ ti 2017 gbé ìbẹ̀rù lectin káyé, pàápàá gbà pé ìkòkò tí a ń dé pinpin, tó ń súfèé lórí iná, ń pa á run. Ibẹ̀ yẹn kò sí nínú fọ́nrán. Kò sì sí ẹ̀rí tó dájú pé ẹ̀wà tó jinná ń mú oríkèé ènìyàn wú.

Owó gáàsì ló ń kọ mí lóminú ní tèmi. Àwọn ènìyàn ti ń paná kí ẹ̀wà tó jinná, ikùn ni irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ sì máa ń kọ́kọ́ bá jà.

Màmá ti gbà láti lọ rí dókítà nítorí orúnkún náà. Mo ní kí n ra ìkòkò tó ń súfèé yẹn ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ìkòkò tí yóò máa pariwo mọ́ àwọn nílé, àpò èédú ni kí n rà.