Ìwé Ìrìnnà Kọ́ Ló Ń Kọ́ Ọmọ

Orílẹ̀-èdè méje ni Gúúsù Kòríà kà sí ti elédè Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ fún olùkọ́ èdè náà ní físà: Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ìjọba Kòríà lè ní ohùn ni àwọn ń wò, ṣùgbọ́n ohùn ará Scotland àti ti ará Texas kò jọra rárá, àwọn méjèèjì sì ń wọlé. Kì í ṣe ìlú olùkọ́ ló ń kọ́ ọmọ lédè; àsọtúnsọ tí kò sú ọmọdé ló ń mú èdè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, iṣẹ́ apàlọ́ ilẹ̀ wa gan-an sì nìyẹn: ó dá orin, àwọn ọmọ gbè é, gbólóhùn kan náà á ti jáde lẹ́nu wọn láìmọye ìgbà kí Ìjàpá tó dé ilé àna rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìjọba gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ dán olùkọ́ wò níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, kí ẹ tó bèèrè ìlú rẹ̀.