Iṣẹ́ Ádífáísà: Láti Ìwé Kábọ́ọ̀nù Dé Orí Pọ́tàlì

Ọ̀pọ̀ òbí ló mọ orúkọ ọ̀gá àgbà yunifásítì tí ọmọ wọn wà. Díẹ̀ ló mọ ẹni tí à ń pè ní kọ́ọ̀sì ádífáísà. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni yìí ni ìwé ọmọ náà ń gbà kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo sáà, láti ọjọ́ tó wọlé títí di ọjọ́ tí yóò gboyè. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n fi iṣẹ́ ádífáísà kún iṣẹ́ mi, n kò sì tíì gbé e sílẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ojú fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́kọ́ hàn: àìsàn, àìlówó, ìbẹ̀rù olùkọ́ kan, ikú òbí. Ẹni tó bá mọ fọ́ọ̀mù kà yóò rí i kí èsì ìdánwò tó jáde, nígbà tí ohun tí a lè ṣe sí i ṣì wà.

Iṣẹ́ náà kò pẹ́ púpọ̀ nílẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Kò sí ohun tí yóò yàn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi wá ẹni tí yóò bá a yàn án. Ọ̀nà Amẹ́ríkà, ìyẹn ètò yúníìtì, ni Yunifásítì Nsukka gbà ní tirẹ̀ ní 1960, torí àwọn ará Michigan State wà lára àwọn tó bá wọn gbé e dìde. Nígbà tó fi di òpin àwọn ọdún 1980, ètò yúníìtì ti di ti gbogbo yunifásítì wa. Wọ́n gé ẹ̀kọ́ ọdún kan sí wẹ́wẹ́, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sì ní iye yúníìtì tirẹ̀. Ẹni tó bá féèlì kọ́ọ̀sì kan kò ní láti tún gbogbo ọdún ṣe mọ́. Kọ́ọ̀sì yẹn nìkan ni yóò gbé dání lọ sí kíláàsì tó kàn. Kárí-ófà nìyẹn, inú kárí-ófà sì ni iṣẹ́ tiwa ti wú.

Fọ́ọ̀mù oníwèé ni mo bá nílẹ̀. Mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wá, kábọ́ọ̀nù ní àárín wọn, fótò pásípọ́ọ̀tù lẹ̀ mọ́ igun òkè. Ọ̀kan fún ẹ̀ka, ọ̀kan fún fákọ́tì, ọ̀kan fún ọ́fíìsì rẹ́jísírà, ọ̀kan fún òun fúnra rẹ̀. Èmi yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, olórí ẹ̀ka yóò tẹ̀ lé mi, kó tó gbé e lọ fún Díìnì. Bí yúníìtì kò bá pé 15, tàbí tó bá ju 24 lọ, akọ̀wé fákọ́tì yóò dá a padà, ọmọ náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní 200 lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ó ti féèlì MTH 101 àti CHM 101, yúníìtì mẹ́ta-mẹ́ta. Kọ́ọ̀sì tuntun tó ní láti ṣe ní sáà yẹn jẹ́ yúníìtì 21. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, 27 ni, bẹ́ẹ̀ a kò gbọ́dọ̀ kọjá 24. Ohun kan ní láti lọ. Ó ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n fi 101 sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.” Mo bi í pé kí ló dé. Ó dákẹ́, ó wá ní, “Ojú ń tì mí láti jókòó láàárín àwọn jámbáìtì, mà.”

Ọ̀rọ̀ ìtìjú yìí ṣe pàtàkì ju yúníìtì lọ, torí ibi tí yóò gbé e lọ jìn. Ẹni tí kò bá yege ní MTH 101 kò lè forúkọ sílẹ̀ fún MTH 201. Ẹni tí kò ṣe 201 kò lè fẹsẹ̀ kan 301. Kọ́ọ̀sì sáà kìn-ín-ní kì í padà wá ní sáà kejì. Ó di ọdún mìíràn. Ọmọ tó bá fi 101 sílẹ̀ nítorí ojú àwọn jámbáìtì, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọdún kan gbáko ló ń fi kún ọjọ́ orí rẹ̀ ní yunifásítì, òbí rẹ̀ ló sì ń san owó rẹ̀. Mo ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé fún un, èyí tó gbára lé èyí, títí dé ọdún kẹrin. Kọ́ọ̀sì àṣàyàn kan wà lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀, yúníìtì mẹ́ta, tí kò sí nǹkan kan tó gbára lé e. Òun la yọ. Mo wá lọ bá olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní 101, ó sì gbà kó máa wá sí kíláàsì àtúnṣe ìrọ̀lẹ́, níbi tí àwọn kárí-ófà bíi tirẹ̀ pọ̀ sí.

Pọ́tàlì, ìkànnì tí wọ́n ti ń forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, dé bá wa ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 2000. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ilé kàfé ló ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì máa ń tẹ kọ́ọ̀sì ẹlòmíràn fún un. Nígbà tó yá, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lo fóònù ara wọn. Mo fẹ́ràn pọ́tàlì. Ó ń ro yúníìtì fúnra rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá 24, fọ́ọ̀mù kì í sì í sọnù mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ádífáísà lè jókòó sílé rẹ̀ lálẹ́, kó fọwọ́ sí ti gbogbo kíláàsì láìrí ojú ẹnì kan. Ẹ̀rọ gba ìṣirò lọ́wọ́ wa, ó yẹ kí àkókò tó ṣẹ́kù di ti àwọn ọmọ náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò rí bẹ́ẹ̀.

Èmi kì í fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó bá yàtọ̀ láìpe ẹni tó ni ín. Ọmọ tí ó máa ń tètè forúkọ sílẹ̀ tí ó wá di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó yọ kọ́ọ̀sì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó mú 15 gẹ́lẹ́ láìní ìdí. Bí mo ṣe rí ọmọbìnrin kan ní 300 lẹ́fẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Yúníìtì 15 ló mú, gbogbo kíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀sán. Nígbà tó jókòó níwájú mi, mo gbọ́ pé bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé búrẹ́dì láti bójú tó àwọn àbúrò. Ó ti pinnu pé òun yóò kàn máa lọ sílé. Mo ní, “Má lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Jókòó, ká kọ̀wé.” Ọmọ tó bá lọ láìkọ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ yóò kà á sí ẹni tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé, tí ìwé náà gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka àti Díìnì dé Sẹ́néètì, tí wọ́n sì gbà á, àyè rẹ̀ wà nílẹ̀ dè é. Ọdún kan ló fi sinmi. Ó padà wá, ó sì parí.

Àwọn tó ń ti ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn ló ń fún mi láìsùn jù. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí lọ́jọ́ tí Sẹ́néètì fọwọ́ sí i. Kò tíì parí. JAMB, àjọ ìgbaniwọlé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978, ní àkọsílẹ̀ ohun tí oníkálukú wọlé wá kọ́, NYSC, àjọ àwọn àgùnbánirọ̀, sì ń fi orúkọ tí a bá fi ránṣẹ́ wé àkọsílẹ̀ yẹn. Bí JAMB bá ṣì ń pe ọmọ ní akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ, tí àwa ń pè é ní akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, orúkọ rẹ̀ kò ní jáde. Mo ti rí ọmọ tó gboyè dáadáa, tó jókòó sílé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní káńpù. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ẹ̀ka mìíràn wá, ìwé ìgbaniwọlé tuntun láti ọ̀dọ̀ JAMB ni mo ń kọ́kọ́ béèrè, kí n tó wo kọ́ọ̀sì rẹ̀ rárá.

Nígbà mìíràn, fọ́ọ̀mù kì í sọ gbogbo rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní February 14, 2022, ó sì parí ní October 14. Àwọn kan ti di oníṣòwò nígbà tí a padà dé, àwọn mìíràn ti ṣègbéyàwó. Sáà tó tẹ̀ lé e kúrú, ojú fọ́ọ̀mù kò sì fi bó ṣe rẹ̀ wọ́n tó hàn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa báyìí ni CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, gbé jáde ní òpin 2022, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023. 70% nínú ẹ̀kọ́ jẹ́ ti NUC, 30% jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, a sì ń fi àmì orúkọ yunifásítì síwájú kóòdù tiwa. Ẹ̀kọ́ lórí àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà ti di GST 112. Àwọn tó wọlé ṣáájú ṣì ń lo ti àtijọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni ọmọ tó ní kárí-ófà nínú kọ́ọ̀sì tí a kì í kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi àti olórí ẹ̀ka wa ya tábìlì kan, kọ́ọ̀sì àtijọ́ lápá kan, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ lápá kejì, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Àwọn ọmọ ẹ̀ka mìíràn náà ń wá yà á ní fótò.

Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2024. NELFUND, àjọ tó ń bójú tó o, ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì. Ẹni tí kò bá tíì sanwó, pọ́tàlì kì í ṣí fún un, nítorí náà mo máa ń sọ fún wọn kí ọdún tó parí pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìyáwó náà.

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbéga, ìwé àpilẹ̀kọ ni wọ́n ń kà. Iṣẹ́ ádífáísà kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ fi ń sá fún un, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù láìwò. Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ fákọ́tì wa pé kí wọ́n dín kíláàsì kan kù fún ẹni tó bá ń bójú tó 100 lẹ́fẹ́ẹ̀lì, kó lè rí ọmọ kọ̀ọ̀kan lójúkorojú kí pọ́tàlì tó tì. Wọn kò tíì dáhùn. N óò tún un kọ ní ìpàdé tó ń bọ̀, n óò sì mú tábìlì ara ògiri yẹn dání.